Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí wàrà pọ̀ sí i: Kí ló ń gbà lára màálù?

Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti dá iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ohun ọ̀sìn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wàrà ti kúrò ní ti àwọn Fúlàní darandaran nìkan. Ìjọba ní òun fẹ́ kí wàrà tí wọ́n ń fún lábẹ́lé, èyí tó tó nǹkan bí 700,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, di ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ ńlá ni. Lọ́wọ́ darandaran, màálù Bunaji kì í sábà mú ju lítà kan sí méjì wá lójúmọ́ fún ẹni tó ń fún un. Ní Amẹ́ríkà, màálù Holstein kan ń mú nǹkan bí lítà 30 wá. Ẹni tó bá gbé òǹkà méjèèjì yìí síra yóò béèrè bóyá oògùn kan wà tó lè sáré dí àlàfo náà.

Oògùn ọ̀hún wà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Họ́móònù kan tí wọ́n ń pè ní somatotropin máa ń wá fúnra rẹ̀ láti inú ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ màálù. Iléeṣẹ́ Monsanto rí ọ̀nà láti ṣe irú rẹ̀, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, ó sì bọ́ sọ́jà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gún un. Wàrà tó ń fi kún ti tẹ́lẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Abẹ́rẹ́ náà kì í dá wàrà sílẹ̀ láti inú òfo. Ohun tó ń yí padà ni bí ara ṣe ń pín oúnjẹ: iṣan àti ọ̀rá kò ní gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, ọmú ni èyí tó pọ̀ jù yóò máa lọ. Ó dà bí ìgbà tí baálé ilé bá ní kí wọ́n máa gbé abọ́ tó kún jù lọ sí yàrá ìyàwó kan. Bí oúnjẹ inú ìkòkò kò bá pọ̀ sí i, àwọn yòókù ni yóò rù.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kété tí màálù bá bímọ, bí kò ṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, màálù tó ń fún wàrà púpọ̀ ti wà nínú gbèsè. Ohun tó ń jáde lọ́mú rẹ̀ ju ohun tó lè jẹ lọ, nítorí náà yóò máa yọ́ ọ̀rá ara rẹ̀. Bí ọ̀rá náà bá pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ, àìsàn tí àwọn oníṣègùn ẹranko ń pè ní ketosis dé nìyẹn: màálù kò ní fẹ́ jẹun mọ́, yóò máa rù, wàrà rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ máa ń ṣubú tí kò ní lè dìde nítorí pé kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bá wàrà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, màálù tó ń jẹ àjẹyó lè fi jíjẹ púpọ̀ sí i gbé ẹrù tí abẹ́rẹ́ bá dì lé e.

Síbẹ̀, Kánádà kọ̀ ọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1999. Àwọn oníṣègùn ẹranko tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò níbẹ̀ rí i pé ewu àrùn ọmú wíwú fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i, ti ẹsẹ̀ títiro sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù náà fòfin dè é títí lọ láti ọdún 2000. Ó yẹ kí a pààlà síbí, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń dà á pọ̀: ìlera màálù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ní ti ẹni tó ń mu wàrà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí àjọ FAO àti àjọ ìlera àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ kò rí ewu fún un.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìkòkò fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko Sahel a gbẹ, purotéènì inú rẹ̀ a dínkù, màálù a sì rin ọ̀pọ̀ kìlómítà kó tó rí omi mu. Abẹ́rẹ́ tó ń darí oúnjẹ sí ọmú kò ní rí nǹkan kan darí lára irú màálù bẹ́ẹ̀ àfi ẹran ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé e kiri fún darandaran ń ta ìyà fún un ni.

Họ́móònù tó ti wọ agbègbè yìí ní tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ní Senegal, wọ́n ń lò ó láti mú kí ọ̀pọ̀ abo màálù wá akọ lákòókò kan náà, kí wọ́n lè fi àtọ̀ akọ màálù ilẹ̀ Yúróòpù sí wọn nínú. Kò sí ẹ̀sùn ọmú wíwú tàbí títiro lọ́rùn èyí. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bá bí yóò dàgbà di màálù tí ara rẹ̀ ń pèsè wàrà ju ti ìyá rẹ̀ lọ, gbèsè ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò sì bá a wáyé láìsí abẹ́rẹ́ kankan. Ìnáwó rẹ̀ kò sí nínú owó fífi àtọ̀ sí i nínú. Ó wà nínú iye tí wọ́n ń ta ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti èérún kóró òwú ní oṣù Kẹrin àti Ìkarùn-ún, nígbà tí òjò kò tíì rọ̀.