Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ẹja Odò Wa

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ọ̀gbìn,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Adó-Èkìtì.

Ọlọ́lá jù lọ,

Àwa apẹja àti ìyá elẹ́ja Ìlasà-Èkìtì dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí sí yín. Ẹja odò wa ń tán lọ, apá wa ò sì ká ohun tó ń pa á.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà tó ku inú kòtò nìkan, àwọn kan máa ń da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó sínú rẹ̀ lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àrọ̀ àti ẹpìyà ti léfòó. Àwọn ńláńlá ni wọ́n ń ṣà lọ sọ́jà. Àwọn ọmọ tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹrà sí. Ìyá ẹja tí ì bá yé nígbà tí òjò bá dé ti bá a lọ. Omi yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa ń pọn. Òfin ìpẹja ti ọdún 1992 ka májèlé léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ odò wa.

Àwọn kan ní ká lọ gbẹ́ pọ́ńdù, pé àrọ̀ kún pọ́ńdù káàkiri Èkìtì. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Púpọ̀ nínú ẹja pọ́ńdù ló jẹ́ pé wọ́n mú irú méjì bá ara wọn ṣe kí ó lè tètè tóbi. Bí irú bẹ́ẹ̀ bá já sódò, tó bá ti inú odò ṣe pọ̀, ìran ẹja tí àwọn baba wa bá níbẹ̀ lè pòórá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn wá sódò wa lórúkọ ìrànlọ́wọ́.

Ilé ìtọ́mọ ẹja là ń bẹ̀bẹ̀ fún, èyí tí yóò máa mú ìyá àti bàbá ẹja láti inú odò wa gan-an, tí yóò tọ́ ọmọ wọn títí tó fi lè sá fún ọ̀tá, kó tó dá a padà. A ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gún ìyá àrọ̀ lábẹ́rẹ́ lálẹ́. Tó bá di òwúrọ̀, bí wọ́n bá ti rọra fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin á máa dà sínú abọ́, wínníwínní bí ọkà bàbà. Àtọ̀ akọ kì í ṣe é tẹ̀ jáde, inú rẹ̀ ni wọ́n ń là. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń pò ó mọ́ ẹyin kí ẹyin má baà fọ́. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ọmọ ti jáde. Ìyá tó wọn kílò kan lè yé ẹyin tó lé ní 20,000. Nínú odò, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹja mìíràn àti àgbàrá. Kí ìyá tí wọn yóò lò pọ̀ o, kí ọmọ ìyá kan ṣoṣo má gba odò.

Ní California, l'Amẹ́ríkà, dáàmù Shasta dí ọ̀nà mọ́ ẹja salmon kan tó máa ń gòkè odò nígbà òtútù. Ní 1997, wọ́n kọ́ ilé ìtọ́mọ Livingston Stone sí ìdí dáàmù náà, inú odò ni wọ́n sì ti ń mú ìyá ẹja. Ìran ẹja ọ̀hún ṣì wà láyé. Àwa náà ní dáàmù nítòsí, ní Ẹ̀gbẹ̀-Èkìtì, lórí odò Òsè Kékeré, tí ẹ lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ẹja wà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì àti ní ilé ìwádìí ẹja tó wà ní New Bussa. Ẹ bá wa pè wọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yan ọlọ́dẹ odò láàárín wa, kí ẹ fún un láṣẹ láti mú ẹni tó bá da oògùn, nítorí ọmọ ẹja tí a bá kó sínú májèlé, a kàn pa á ni. Ní tiwa, a ó ká àwọ̀n àti ìgèrè wa kúrò lódò nígbà tí ẹja bá ń yé, bó tilẹ̀ jẹ́ ibẹ̀ la ti ń jẹun. Ilé tí ẹ bá kọ́, a ó máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Apẹja àti ìyá elẹ́ja Ìlasà-Èkìtì.