Ọgbẹ́ Orí Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ orí ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe orí inú tí àwọn baba wa ń bọ, bí kò ṣe orí òde tí a fi ń ru ẹrù.

Ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo wá sí Ìkìrun, tí ó sì gba ìhà Ìníṣà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà, yóò mọ̀ bí alùpùpù ti pọ̀ níbẹ̀ tó. Bí ọkùnrin kan bá ṣubú, tí ó dìde, tí ó gbọn eruku nù, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì yọ, àwọn ará ilé a máa dúpẹ́, wọn a sì ní kí ó lọ sùn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, inú omi díẹ̀ ni ó sì wà nínú agbárí. Nígbà tí orí bá gbá ọ̀dà, ọpọlọ yóò kọlu egungun ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀yà tíntìntín tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni ó para pọ̀ di ọpọlọ, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ìkọlù a máa fa okùn wọ̀nyí gùn, a sì máa já òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn a kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù lè máa kú díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, bí ọpọlọ ti ń wú tí agbárí kò sì fẹ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú, kí ẹni náà sì máa sọ̀rọ̀, kí ó máa jẹun, kí ó tó dákú. Awọ tí ó bó a máa hù padà. Ti ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣọ́ ẹni tí ó fi orí gbá ilẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó kéré tán, ìbáà ṣe orí ọ̀pẹ ni ó ti já. Bí ó bá ń bì léraléra, bí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ bá ń le sí i, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ó bá ṣòro láti jí i, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe òru. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo. Ẹ má ṣe da àgbo sí i lẹ́nu: ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun dí, bí afẹ́fẹ́ kò bá sì dé ọpọlọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń kú.

Ìkọlù kéékèèké pẹ̀lú ní ìṣirò tirẹ̀. Ní ọdún 2002, Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà, yẹ ọpọlọ Mike Webster wò ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Eléré bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni olóògbé náà, ẹni ọdún 50. Ó bá ìbàjẹ́ tí lílù orí fún ọdún púpọ̀ fà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Àwa kò rí èrè kankan nínú fífi ìkúùkù gbá ọmọ lórí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá mú àwọn ọlọ́kadà dé àṣíborí, àwọn kan so igbá mọ́ orí! Igbá a máa fọ́. Àṣíborí tòótọ́ ní tìmùtìmù nínú tí ń gba agbára ìkọlù, bí okùn rẹ̀ bá so dáadáa lábẹ́ àgbọ̀n. Kí ẹni tí ń fi alùpùpù gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ra èyí tí ó bá orí ọmọ náà mu.