Fídíò Yíyà Níbi Eré Ọmọdé: Ta Ni Ó Ni Àṣẹ?

Ní àgbègbè Fájuyì ní Adó-Èkìtì, àti káàkiri ìlú náà, ayẹyẹ ọmọdé kì í fẹ́ẹ́ pé mọ́ láìsí òṣèré. Ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìbí, ìbáà jẹ́ òpin sáà ẹ̀kọ́ ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, ìbáà sì jẹ́ Àyájọ́ Ọjọ́ Ọmọdé tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, àwọn òbí a máa háyà aláwàdà tí ó kun ojú ní oríṣiríṣi àwọ̀, tàbí pidánpidán, tàbí apàlọ́ tí ó mọ orin í dá. Kí òṣèré náà tó kí àwọn ọmọ tán, fóònù ti lọ sókè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dìbò. Àwọn àgbà ni wọ́n máa ń wà níwájú tí wọ́n ń ya fídíò. Àwọn ọmọ tí a torí wọn pe eré wà lẹ́yìn, wọ́n ń na ọrùn láti ríran láàrin ìbàdí àwọn ìyá wọn.

Àwọn òṣèré kan ti sọ pé àwọn kò fẹ́ fídíò rárá. Àwọn mìíràn ń bẹ òǹwòran pé kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í rántí bi léèrè.

Kì í ṣe òní ni òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré onísẹ́ lọ sílé. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Katunga. Wọ́n ṣe eré eégún aláré fún un ní ààfin. Ó rí àwọn tí ó ko sínú àpò jó, ó rí òjòlá tí ó ń wọ́ nílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1829 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú sí Ṣókótó ní ọdún 1827. Apá kẹta eré náà ni ó dùn jù. Àpò kan ṣí, òyìnbó sì jáde láti inú rẹ̀: ó funfun, ó rù, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń pa, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran yíjú sí àlejò náà, wọ́n ń fẹ́ kí ó jẹ́rìí pé eré náà pé. Ẹni tí ó wá wo ìlú di ẹni tí ìlú fi ṣeré.

Ìwé ni Clapperton fi gbé ohun tí ó rí lọ. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà mọ̀ pé eré ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí bí ẹni inú àpò ṣe di òjòlá. Fóònù yàtọ̀. A lè dá a dúró, a lè dá a padà, a lè mú kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí ojú yóò fi tó ibi tí ọwọ́ pidánpidán ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ya idán sọ́tọ̀ kúrò lára àlọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àlọ́ tí ọmọ ti gbọ́ nígbà mẹ́wàá ni ó máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún pa. Bí apàlọ́ bá sì yí ẹsẹ̀ orin kan padà, ọmọ náà ni yóò tún un ṣe. Àpapadà kì í ba àlọ́ jẹ́. Idán kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ti rí ìdí rẹ̀ ni ó kú, oúnjẹ ẹni tí ó sì ń pa á ti dínkù nìyẹn.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó rántí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, tí ó kú ní ọdún 2018. Àgbà àti ọmọdé ni ó ń fi awò ojú rẹ̀ ńlá rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1982 ni ó gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ni ó sì darí rẹ̀. Kí ó tó rí èrè iṣẹ́ náà jẹ, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti dé ọjà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kì í ṣe fóònù òǹwòran ni ó fa tirẹ̀, nítorí kò sí irú fóònù bẹ́ẹ̀ nígbà náà; ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i fi hàn bí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òfin kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti ọdún 1988 fún òṣèré ní àṣẹ lórí kíká eré rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a ṣe ní ọdún 2022 sì tẹ̀ lé e ní ọ̀nà kan náà. Nítorí náà, òṣèré tí ó bá sọ pé kí a má ya fídíò kò ṣe ìgbéraga. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ó ń tọ́jú.

Síbẹ̀, kí òṣèré fi òfin dí gbogbo ojú fóònù pa, kò bọ́gbọ́n mu. Ta ni ìbá mọ Professor Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí wọ́n pa ní ọdún 1997, dé ibi tí a mọ̀ ọ́n dé bí kò bá sí tẹlifíṣọ̀n? Tẹlifíṣọ̀n náà ni ó gbé ohùn Jimi Ṣólańkẹ́, tí ó di olóògbé ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ ilé àwọn ọmọ tí kò dé ibi tí ó ti ń pa ìtàn rí. Òṣèré kékeré tí ó wà ní Adó lónìí kò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí yóò pè é. Fídíò ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp ni ó ń bá a wá iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ó gbà kí èyí lọ, kí ó sọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Orin àkọ́kọ́, orin ìdágbére, ijó tí gbogbo ọmọ jọ jó: kò sí ohun tí ó burú bí àwọn wọ̀nyí bá wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Ìyà kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tí ó di fóònù mú kò lè pàtẹ́wọ́, àlọ́ tí kò sì ní elégbè dàbí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ni ìgbà tí òṣèré bá pe ọmọ kan jáde. Eré ọmọdé kò lè ṣe kí ó má pe ọmọ jáde. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Aláwàdà yóò mú ọmọ ọdún mẹ́fà kan dìde, yóò bi í pé, “Kí ni orúkọ rẹ? Iléèwé wo ni ò ń lọ?” Yóò yọ ẹyin jáde láti etí rẹ̀. Ọmọ mìíràn a fò fáyọ̀. Òmíràn a bú sẹ́kún, a gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀, tàbí kí ó tọ̀ sára. Gbogbo ilé a rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ pàápàá a rẹ́rìn-ín, kí a tó bu ìrẹsì fún àwọn ọmọ tán, ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n bí fóònù mẹ́wàá bá ti ká a sílẹ̀, ẹ̀rín náà kò ní ibi tí yóò parí sí. Ó lè dé orí WhatsApp àwọn òbí kíláàsì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ Ajé, wọn a ti sọ ọmọ náà lórúkọ tí kò ní kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tí a kò mọ̀ rí a sì rí ojú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti iléèwé rẹ̀ papọ̀ nínú fídíò kan.

Àwọn àgbà Yorùbá mọ ewu ẹ̀sín lára ọmọ. Nídìí àlọ́ alẹ́, Ìjàpá ni wọ́n fi ń ṣe ẹni ẹ̀sín. Ìjàpá ni ó jalè, òun ni ó jẹ àjẹkì, òun ni wọ́n mú. Ọmọ tí ó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán a máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì gbọ́ ìbáwí náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nawọ́ sí i. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ọmọ kan ṣẹ̀fẹ̀, agbo ilé tí ó mọ bàbá àti ìyá rẹ̀ ni, ẹ̀rín náà kì í kọjá ọgbà.

Àṣẹ tí òṣèré ní lórí idán rẹ̀ kò dé orí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ni ayẹyẹ pàápàá kò ní i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ọmọ sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ìgbé-ayé tí kì í ṣe ti gbangba, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 2006. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí. Òṣèré tí ó di gbohùngbohùn mú nìkan ni gbogbo ilé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ní wákàtí náà, òun ni ó sì yẹ kí ó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá háyà rẹ̀ ni ó ti yẹ kí ó là á yé wọn, pàápàá jù lọ bí wọ́n bá ní ẹni tí ń ya fídíò fún owó. Ẹni yẹn lè dúró sẹ́yìn ọmọ tí a pè jáde, kí ó jẹ́ pé ojú òṣèré ni fídíò rẹ̀ ń mú. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí òṣèré kéde ohun tí a lè yà àti èyí tí a kò gbọdọ̀ yà, bí wọ́n ti ń kéde ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn tíátà ní London. Ó tilẹ̀ lè fi kọrin kí ó má bàa dà bí ìbáwí. Kí ó má béèrè orúkọ iléèwé lọ́wọ́ ọmọ mọ́. Bí ó bá sì ti pe ọmọ jáde, kí gbogbo fóònù lọ sílẹ̀. Bí òbí ọmọ náà bá fẹ́ ní fídíò rẹ̀, kí ó bọ́ síwájú, kí òun nìkan yà á. Kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí àwọn àgbà ìyókù jókòó ní àkókò náà, kí àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn lè ríran.