Inú Ìsinmi Líìgì Ni Èkó Ti Ń Pàdánù Ife

Ìsinmi líìgì bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, láti ìgbà tí sáà kan bá parí títí òmíràn yóò fi bẹ̀rẹ̀, ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń pinnu ẹni tí yóò dúró, ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí wọn yóò mú wọlé. Ẹnikẹ́ni kì í gbá góòlù wọlé lásìkò náà, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ife ti ń bọ́ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ẹ̀rí tó hàn jù. Láti ọdún 2000 tí Julius Berger ti gba líìgì, kò sí ẹgbẹ́ Èkó kankan tó tún gbà á.

Ní Alímọ̀ṣọ́, líìgì lè sinmi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í sinmi. Ní àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìgandò, wọ́n á ti to bẹ́ǹṣì léra, wọ́n á ti fi tapólì bo jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n pátákó tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ pàdé sí ṣì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni iyàn ti ń gbóná. Ta ni Arsenal fẹ́ rà? Ta ni Chelsea fẹ́ tà? Nígbà ìsinmi ọdún 2025, Victor Osimhen, ọmọ Èkó tó dàgbà sí Olúsósùn, ló gba ẹnu tọmọdé tàgbà, nígbà tí Galatasaray rà á lọ́wọ́ Napoli ní mílíọ̀nù 75 owó yúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ti Ademola Lookman, ẹni tó dá gbá góòlù mẹ́ta sílé Bayer Leverkusen ní àṣekágbá Europa League ọdún 2024. Ọmọ ilé ni wọ́n, ó sì yẹ kí inú ará ilé dùn sí wọn. Ohun tó ń dunni ni pé ẹni tó mọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí Arsenal rà lè má dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ Èkó jẹ́ kó lọ.

MFM ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ Alímọ̀ṣọ́ jù. Ìjọ Mountain of Fire and Miracles ló ni ẹgbẹ́ náà, pápá Agége ló sì ti ń gbàlejò. Àwọn ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn kò tíì jáde ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Fidelis Ilechukwu kó jọ, wọ́n sì ṣe ipò kejì ní sáà 2016/17, Plateau United nìkan ló wà níwájú wọn. Lọ́dún 2017 yẹn gan-an ni Stephen Odey, atamátàsé wọn, kọjá sí FC Zürich. Nígbà tí wọ́n dé Champions League Áfíríkà ní 2018, wọ́n lé Real Bamako dànù, ṣùgbọ́n góòlù mẹ́fà ni MC Alger gbá sí wọn ní Algiers. Nínú àwọn ìsinmi tó tẹ̀ lé e, agbábọ́ọ̀lù ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, Ilechukwu fúnra rẹ̀ lọ. Ní 2022, MFM já kúrò ní líìgì àgbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ilechukwu gba líìgì pẹ̀lú Rangers ti Enugu. Agége ló ti kọ́kọ́ fi hàn pé òun mọ iṣẹ́, Enugu ló jèrè rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ lọ, nítorí owó oṣù ilé kò tó nǹkan. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó dí ọ̀nà Odey. Títà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ líìgì yìí, àdéhùn ọdún kan péré ni agbábọ́ọ̀lù máa ń tọwọ́ bọ̀. Bí sáà bá ti parí, ó lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹgbẹ́ má rí kọ́bọ̀ tí yóò fi wá ẹlòmíràn. Àyè rẹ̀ á ṣófo, wọ́n á sáré kó àjèjì wá nígbà tí sáà bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò sì tíì gbọ́ ara wọn yé kí líìgì tó gbóná.

Remo Stars, ní Ìkẹ́nnẹ́, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹgbẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, Beyond Limits, tó ń pèsè ọ̀dọ́ sílẹ̀ kí àgbà tó lọ. Nígbà tí Gbenga Ogunbote kọjá sí Shooting Stars ní 2022, Daniel Ogunmodede, tó ti mọ inú ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, wọn kò sì lé e nígbà tí ife bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ipò kejì ní 2023, ipò kejì ní 2024, ife ní 2025. Iṣẹ́ ṣì wà níwájú wọn o, nítorí Mamelodi Sundowns gbá márùn-ún sí wọn nílé, ní Abẹ́òkúta, ní Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ohun tí Èkó kò ṣe fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ìmúrasílẹ̀ tí à ń wí yìí kì í sì í ṣe ti àfihàn. Nínú ìsinmi 2023, Sporting Lagos na Remo Stars ní àṣekágbá ìdíje Naija Super 8 ní pápá Mobolaji Johnson, Èkó sì yọ̀. Nígbà tí sáà yóò fi parí ní 2024, Sporting Lagos ti já, Remo Stars sì wà ní ipò kejì.

Ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Irú èrò bẹ́ẹ̀ lè béèrè ohun tó bá wù ú lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ Èkó, kó sì rí i gbà. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kéde orúkọ àwọn tó dúró àti àwọn tó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí sáà bá parí. Kí àdéhùn ọ̀dọ́ má kéré sí ọdún méjì. Kí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé ìwé ní Ẹgbẹ́dá àti Ìgandò rí olùṣàwárí nígbà ìsinmi, kì í ṣe ìgbà tí àyè bá ti ṣófo tán. Ikorodu City, tó gòkè wá sí líìgì àgbà ní 2024, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi.