Ìmọ̀ Ìṣirò Kì í Ṣe ti Àwọn Onímọ̀ Ẹ̀rọ Nìkan

Nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá ń jáde ní ilé-ìwé girama, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń dágbére fún ni ìmọ̀ ìṣirò. Ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ amòfin, ẹni tí yóò kọ́ ìtàn, àti ẹni tí yóò kọ́ èdè, gbogbo wọn a máa yọ̀ pé àwọn sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Lójú tiwọn, ohun tí ó bá ti kọjá ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín, ti àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ni. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan wà tí a dìídì ṣètò fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, láti fi ohun tí ìmọ̀ ìṣirò ìgbàlódé ń ṣe láyé hàn wọ́n. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbikíbi tí ó wù kí ó jẹ́, kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí.

Ìtàn kan tí a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ti ìlú Königsberg, tí à ń pè ní Kaliningrad ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà lónìí. Odò Pregel pín ìlú náà sí ọ̀nà mẹ́rin, afárá méje ni ó sì so wọ́n pọ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ ènìyàn lè rìn kọjá lórí afárá méjèèje, kí ó má gba orí ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì? Ní 1735, Leonhard Euler fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Kò wọn odò, kò sì wọn afárá. Iye afárá tí ó kan ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó kà. Ilẹ̀ tí ènìyàn bá wọ̀ tí yóò sì tún jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní afárá méjì méjì, àfi ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ní Königsberg, ilẹ̀ kan ní afárá márùn-ún, mẹ́ta yòókù sì ní mẹ́ta mẹ́ta. Láti inú irú èrò yìí ni Kwan Mei-Ko, ará Ṣáínà, ti kọ̀wé ní 1960 nípa ọ̀nà tí ó kúrú jùlọ tí ẹni tí ń pín lẹ́tà lè tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò tún jinlẹ̀ ju ti afárá lọ. Ní 1785, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Condorcet fi hàn pé ìdìbò tí kò ní màgòmágó rárá lè rú ènìyàn lójú. Ká ní ẹgbẹ́ kan fẹ́ yan alága láàrin Àjàyí, Bọ́lá àti Dàda, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì pín sí apá mẹ́ta ọgbọọgba. Apá kìíní fẹ́ Àjàyí jù, Bọ́lá tẹ̀ lé e, Dàda ni ìkẹyìn. Apá kejì fẹ́ Bọ́lá jù, Dàda tẹ̀ lé e, Àjàyí ni ìkẹyìn. Apá kẹta fẹ́ Dàda jù, Àjàyí tẹ̀ lé e, Bọ́lá ni ìkẹyìn. Bí Àjàyí bá kojú Bọ́lá, Àjàyí yóò borí. Bí Bọ́lá bá kojú Dàda, Bọ́lá yóò borí. Ṣùgbọ́n bí Dàda bá kojú Àjàyí, Dàda ni yóò borí! Bí akọ̀wé bá wá ní kí Àjàyí àti Bọ́lá kọ́kọ́ figagbága, kí ẹni tí ó bá borí sì kojú Dàda, Dàda ni yóò di alága. Bí ó bá kọ́kọ́ pe Bọ́lá àti Dàda, Àjàyí ni yóò gba ipò náà. Akọ̀wé kò jí ìbò, kò sì purọ́. Síbẹ̀ òun ni ó yan alága, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Àwọn kan ń wí pé irú ẹ̀kọ́ yìí fúyẹ́ jù, àti pé ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àkókò rẹ̀ kọ́ áljẹ́brà sí i. Òtítọ́ ni pé kò lè rọ́pò áljẹ́brà fún ẹni tí yóò di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n amòfin, olùkọ́ àti oníṣòwò yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀, wọn yóò dìbò, wọn yóò sì pín ohun ìní. Bí wọn kò bá mọ bí a ti ń yẹ irú ètò bẹ́ẹ̀ wò, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò máa darí wọn bí ó ti wù ú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí; ìmọ̀ ìṣirò sì jẹ́ ojú fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí a rẹ́ òun jẹ.