Ẹ má fojú fo kókó ọyàn tí kò dunni

Ní Yoko, níhà Sakété àti Pobẹ̀ tí ọ̀pẹ pọ̀ sí, tọmọdé tàgbà ló mọ ìwà ẹyìn. Bí kò bá tíì pọ́n, àdá ló ń yà á kúrò lára ìdì rẹ̀. Bó bá pọ́n kọjá, á máa já bọ́, á túká sínú koríko, ẹni tó ń ṣà á kò sì ní rí gbogbo rẹ̀ mọ́.

Bí jẹjẹrẹ ọyàn ṣe ń ṣe nìyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ojú lásán kò rí ni wọ́n para pọ̀ di ara ènìyàn, èròjà kan sì wà tó ń so wọ́n mọ́ ara wọn. Masatoshi Takeichi, onímọ̀ ará Jàpáànù, ló ṣáájú nínú ìwádìí rẹ̀; cadherin ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wà nínú ọyàn ni E-cadherin. Bó bá dín kù tàbí tó sọnù, ó máa ń rọrùn fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láti já kúrò, kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó já lọ yìí ló sábà ń pani, kì í ṣe kókó inú ọyàn fúnra rẹ̀.

Oríṣi kan tilẹ̀ wà, tó ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí wàrà ti ń wá, tí E-cadherin kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ó lè má di kókó rárá: ọyàn á kàn le níbì kan, awọ rẹ̀ á sún kì, tàbí kí orí ọyàn wọ inú.

Nítorí náà, ewu ń bẹ nínú kí obìnrin máa sọ pé, "Kò kúkú dùn mí." Ìrora kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé. Ní 2022, nǹkan bí 670,000 ènìyàn ni àrùn yìí pa lágbàáyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí a mọ òótọ́ àìsàn náà láàárín 60 ọjọ́ tí obìnrin bá ti kọ́kọ́ fara hàn fún oníṣègùn.

Ó yẹ kí àwọn agbẹ̀bí máa yẹ ọyàn àwọn ìyá wò nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí àwọn ọkọ má ṣe fi owó ọkọ̀ Sakété, Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu falẹ̀. Kí oníṣègùn ìbílẹ̀ tó bá rí kókó ọyàn tètè darí aláìsàn sí ilé ìwòsàn. Kí ẹyìn tó já ni à ń gun ọ̀pẹ.