Àlejò Tí Ó Fẹ́ Bọ́ Sínú Omi



Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó lé ní 5,000 ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá sí Bahrain fún ìdíje tí à ń pè ní Gymnasiade. Wiesbaden ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1974. Ó ti dé Doha ní 2009 àti Marrakech ní 2018. Ìlúwẹ̀ẹ́ wà lára eré náà, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Erékùṣù ni Bahrain. “Òkun méjì” ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Kí wọ́n tó rí epo rọ̀bì níbẹ̀ ní 1932, péálì ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá jẹun. Ọkùnrin á so òkúta mọ́ ẹsẹ̀, á fi nǹkan há imú, á sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ẹnìkejì rẹ̀ á di okùn mú nínú ọkọ̀ láti fà á gòkè. Wọn kò nílò ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ọwọ́ ẹni tí ó wà lókè ni ẹ̀mí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ wà.

Nílé tiwa, omi tútù ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò. Àwọn àlejò tiwọn yìí, inú omi gan-an ni wọ́n ń lọ, ìtọ́jú wọn sì ju ìlù àti àsíá lọ. Àlejò bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀. Kí wá ni èkùrọ́ ọmọ òmùwẹ̀? Kí ó wọ adágún náà ṣáájú ọjọ́ ìdíje, kí ara rẹ̀ mọ omi ọ̀hún, nítorí ọmọ tí omi tí oòrùn yá ti mọ́ lára lè gbọ̀n nínú rẹ̀. Kí ó mọ irú ẹran tí ó wà nínú ọbẹ̀ kí ó tó bu òkèlè. Kí yàrá tí àwọn ọmọbìnrin ti ń pààrọ̀ aṣọ ní ilẹ̀kùn tí ó ṣe é tì, kí obìnrin sì máa ṣọ́ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn lè dà bí ohun kékeré lójú àwọn ọkùnrin tí ń ṣètò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá ti gbọ́ mi yé.

Aṣọ ńkọ́? Láti 2010, òfin ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé ni pé aṣọ ìdíje obìnrin nínú adágún kò gbọdọ̀ bo ọrùn, kò sì gbọdọ̀ kọjá èjìká tàbí orúnkún. Òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bo ara jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ̀wé béèrè kí ọmọ tó kúrò nílé. Ìkà ni kí ọmọbìnrin rin ìrìn-àjò dé etí omi tán kí wọ́n tó dá a padà.

Irun pẹ̀lú ti dá wàhálà sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Soul Cap ní London ṣe fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá tí ó gba irun dídì àti irun tí ó kún bíi tiwa. Ní 2021, kí Òlíḿpíìkì Tokyo tó bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ kọ̀ ọ́, wọ́n ní kò bá bí orí ṣe rí mu. Orí ta ni? Ní Tokyo yẹn kan náà ni Alice Dearing ti di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtéènì ní Òlíḿpíìkì. Ó di September 2022 kí wọ́n tó gba fìlà náà láàyè.

Ibi tí a ti í mọ onílé rere ni bí ó ti ń ṣe sí àlejò tí ó kẹ́yìn. Nínú irú ìdíje báyìí, ọmọ kan lè ti ibi tí kò sí adágún gidi wá. Bẹ́ẹ̀ ni Eric Moussambani ará Equatorial Guinea rí ní Òlíḿpíìkì Sydney, ọdún 2000. Adágún kékeré ilé-ìtura ni ó ti kọ́ ọ. Kò tíì rí adágún mítà 50 rí kí ó tó dé Sydney. Àwọn méjì tí wọ́n jọ fẹ́ díje, ọ̀kan nínú wọn ará Niger, kánjú bọ́ sómi, wọ́n sì yọ wọ́n. Òun nìkan ló kù. Bí ó ti ń padà bọ̀, apá rẹ̀ kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ni èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, títí ó fi fọwọ́ kan ògiri. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72 ni ó lò. Ẹni tí ó gba wúrà lo ìṣẹ́jú àáyá 48.30. Ní 2012, wọ́n fi Moussambani ṣe olùkọ́ àwọn òmùwẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀.